Odò ẹ̀yìnkùlé wa ti di ààtàn: kí ni a lè béèrè lọ́wọ́ káńsù, báwo ni a ó sì ṣe béèrè rẹ̀?

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Mo kí gbogbo ilé, àgbà àti ọmọdé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Ilé wa wà létí ọ̀kan nínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ pàdé odò Ọ̀nà ní Ìbàdàn níbí. Nígbà tí a kọ́kọ́ kó dé àdúgbò yìí, àwọn ìyá máa ń fọ aṣọ níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọ sì máa ń fi apẹ̀rẹ̀ gbọ́n ẹja wẹ́wẹ́. Lónìí, ẹ kò lè dúró lórí afárá rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìfi ọwọ́ bo imú.

Ohun mẹ́rin ló bà á jẹ́ lójú tèmi. Àwọn kan ń da ìdọ̀tí ilé sínú rẹ̀ lóru, pàápàá nígbà tí òjò bá ṣú. Ẹnì kan tó ń pa adìyẹ tà ní apá òkè ń da ìyẹ́ àti ìfun sí i lójoojúmọ́. Gọ́tà tí wọ́n ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wa kò dé odò. Agbedeméjì ló ti parí, omi rẹ̀ sì ti wọ́ ilẹ̀ lọ lábẹ́ ògiri ilé méjì. Èyí tó ṣe ìkẹrin ni pé onílé kan ti mọ ògiri wọ inú ọ̀nà omi gan-an.

A kọ lẹ́tà sí káńsù wa, wọ́n ní ti ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. A lọ sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀, wọ́n ní kí a padà sí káńsù nítorí pé ọ̀rọ̀ gọ́tà wà nínú lẹ́tà wa. Odindi oṣù mẹ́jọ la ti wà lẹ́nu ẹ lọ, ẹ bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni iṣẹ́ yìí, kí ni a sì lè bá a sọ tí yóò fi dìde?

Wolé-wolé tó ti fẹ̀yìntì

Ẹ kú ìfaradà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ wolé-wolé ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin, nítorí náà ohun tí mo fojú rí lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ ṣì í ni pé ẹ kó ẹ̀sùn mẹ́rin sínú lẹ́tà kan. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé orí tábìlì, ẹni tó kà á yóò wá èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ni yóò sì fi dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ pín in sí mẹ́rin. Ìyẹ́ àti ìfun adìyẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ wolé-wolé ní ẹ̀ka ìlera àyíká ní káńsù. Gọ́tà jẹ́ ti ẹ̀ka iṣẹ́ ní káńsù kan náà, bí títì náà bá jẹ́ títì káńsù. Bí ó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni títì ni ẹ ó lọ. Kíkó ìdọ̀tí láti ojúlé dé ojúlé wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ìdọ̀tí, àti àwọn akólẹ̀ tí wọ́n yàn fún àdúgbò yín. Ògiri tó wọ ọ̀nà omi jẹ́ ti àwọn tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ tiwa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wíwo ìkòkò omi fún tanwíjí nìkan ni a mọ̀. Inú ìwé ni agbára wolé-wolé wà. Bí ó bá dé ibi kan tó rí ohun tó lè ṣe ará àdúgbò ní jàǹbá, yóò kọ ìwé ìkìlọ̀ fún ẹni tó ni ibẹ̀, yóò kọ ohun tó rí síbẹ̀, ohun tó fẹ́ kí onítọ̀hún ṣe, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ ti ṣe é tán, yóò sì pa ẹ̀dà kan mọ́ sọ́wọ́. Nígbà tí ọjọ́ náà bá pé, ó gbọ́dọ̀ padà lọ wò ó. Bí nǹkan kò bá yí padà, ẹ̀dà ìwé yẹn àti àkọsílẹ̀ ìbẹ̀wò méjèèjì ni yóò gbé lọ sí kóòtù. Bí kò bá sí ìbẹ̀wò kejì, ẹjọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Mo ti wà níbi tí a ti kọ ìwé ìkìlọ̀ ogún ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí a kò padà sí ẹyọ kan, nítorí pé kò sí epo nínú alùpùpù, tàbí pé wọ́n ti pín wa sí ibòmíràn. Lójú tèmi, ìwé ìkìlọ̀ tí a kò padà wò burú ju kí a má kọ ọ́ rárá lọ, nítorí pé ẹni tó gbà á ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé kò sí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé káńsù, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ ẹ̀sùn yín sínú ìwé ẹ̀sùn, kí wọ́n sì fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ béèrè wolé-wolé tó ń mójú tó wọ́ọ̀dù yín. Lẹ́yìn tó bá ti wá, ẹ béèrè ọjọ́ ìbẹ̀wò kejì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín máa ka ọjọ́ náà. Ẹ má ṣe fi owó kankan lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìgba rìsíìtì.

Agbẹjọ́rò

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí bàbá sọ, mo sì fẹ́ fi ìdí òfin tì í lẹ́yìn, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó fi dáhùn bí wọ́n bá tún ní kí ẹ padà.

Àfikún Kẹrin nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣíṣe títì àti gọ́tà àti àtúnṣe wọn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọgbà ìgbafẹ́, ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, omi ẹ̀gbin àti ìkódànù ìdọ̀tí. Ẹ ṣàkíyèsí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn: nínú ìwé òfin, ìdọ̀tí jẹ́ iṣẹ́ káńsù. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa, ìpínlẹ̀ ti dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, Èkó ni ẹ̀yin èèyàn mọ̀ jù, níbi tí LAWMA ti wà láti 1977 pẹ̀lú orúkọ mìíràn nígbà náà. Èyí mú kí ọkọ̀ ńlá àti ibi ìdàdànù wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa ojúṣe káńsù rẹ́. Káńsù tó bá sọ pé ìdọ̀tí kò kan òun rárá kò sọ òtítọ́ nípa òfin.

Ọ̀rọ̀ ògiri yàtọ̀. Ní 2003, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a nínú ẹjọ́ tó wà láàárín Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀ pé ti ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú àti ìfọwọ́sí ilé kíkọ́. Nítorí náà, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ètò ìlú ni ẹ ó kọ̀wé sí, ẹ kàn fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí káńsù. Ẹ má ṣe gbé òòlù lọ wó ògiri ẹnikẹ́ni fúnra yín, nítorí ẹ̀yin ni ọlọ́pàá yóò kó.

Ẹni tó bá ń da ohun ẹlẹ́gbin sínú odò tí àwọn ènìyàn ń lò ti rú abala 245 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní apá gúúsù, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà sì ni òfin náà là sílẹ̀. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè fi halẹ̀ mọ́ aládùúgbò o. Mo sọ ọ́ kí ẹ má baà gbà bí ẹnì kan bá sọ pé odò kò ní òfin.

Lórí owó: ní ọjọ́ 11, oṣù keje, 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn láìgba ọwọ́ gómìnà. Ìmúṣẹ rẹ̀ ṣì ń fa wàhálà, síbẹ̀ ó fún yín ní ìdí láti béèrè iye tí káńsù yín yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà lọ́dún yìí. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 ni ẹ ó fi béèrè. Ọjọ́ méje ni ó fún ọ́fíìsì láti fèsì, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ọ̀rọ̀ náà bá gba ìwádìí. Láti 2025 tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ pé Abuja nìkan ló kàn.

Ọ̀dọ́ àdúgbò

Èmi rò pé gbogbo ìwé yìí ti pọ̀ jù. Ní àdúgbò tiwa, a ń kó ìdọ̀tí dí etí odò tí omi ń jẹ, kí ilẹ̀ lè gbòòrò, a sì ń sun èyí tó kù. Ó tún ń dín ìnáwó kù.

Ẹni tó dàgbà sí Òkè-Àdó

Àbúrò, mo bẹ̀ ọ́, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú Ìbàdàn níbí ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, 1980. Ó ti ya ní 1978 pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti 1980 ni ó gbé odindi ilé lọ pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀, tí a fi ń wá òkú fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Irú ilẹ̀ tí ẹ sọ pé ẹ ń gbòòrò yẹn ló wà létí Ògùnpa nígbà náà: ìdọ̀tí tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ ilé lé lórí. Nígbà tí omi dé, ó kó ìdọ̀tí náà lọ dí ẹnu afárá, omi tí kò rí ọ̀nà gbà sì gba inú yàrá àwọn ènìyàn. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò ní í nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un; nígbà tiwa, onílé fúnra rẹ̀ ló lànà fún àgbàrá.

Wọ́n ṣe ọ̀nà kọnkéré fún Ògùnpa lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, 2011, òjò kan ṣoṣo tún pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, adágún Ẹlẹ́yẹlé kún ju etí rẹ̀ lọ, àwọn afárá já. Iṣẹ́ àkànṣe tí Báńkì Àgbáyé yá ìpínlẹ̀ ní igba mílíọ̀nù dọ́là fún ní 2014 jáde láti inú àjálù yẹn, ó sì tún afárá àti ọ̀nà omi ṣe ní ọ̀pọ̀ ibi. Ṣùgbọ́n owó àyálò kò lè wá gbá gọ́tà yín ní oṣù kẹta ọdọọdún. Ti káńsù àti ti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀ nìyẹn.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé

Àwa náà jìyà irú èyí fún ọdún márùn-ún, mo sì fẹ́ sọ ohun tó ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́.

Èyí tí kò ṣiṣẹ́ ni pé a pariwo ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ti dé tán. Káńsù fi àwọn òṣìṣẹ́ ránṣẹ́, wọ́n gbẹ́ gọ́tà náà dáadáa, wọ́n kó ẹrẹ̀ jáde sí etí rẹ̀, wọ́n lọ. Òjò ọjọ́ kejì ló dá gbogbo ẹrẹ̀ náà padà sínú gọ́tà, inú wa sì bàjẹ́ gidigidi. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ gọ́tà láìsí ọkọ̀ tí yóò kó ẹrẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan náà. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e, oṣù kejì ni a ti ń béèrè, kí ilẹ̀ ṣì gbẹ. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí káńsù parí gọ́tà tó dúró lágbedeméjì, kì í ṣe gbígbá ni ẹ ń béèrè, iṣẹ́ tuntun ni, inú àbá ìnáwó ni ó gbọ́dọ̀ wà. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ nípasẹ̀ kańsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín kí oṣù kẹwàá tó parí, nítorí pé oṣù kìíní ni ọdún ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀.

Lórí àwọn tó ń da ìdọ̀tí lóru, a rí i nígbà tí a wádìí pé ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ará àdúgbò. Àwọn ọlọ́mọlanke ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ wa láti kó ìdọ̀tí wa, tí wọ́n sì ń lọ dà á sí odò àwọn ẹlòmíràn. Àwa fúnra wa ni a ń sanwó fún bíba odò jẹ́ láìmọ̀. Láti ìgbà náà, a gba akólẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ, a jọ ń sanwó ní ìdílé kọ̀ọ̀kan, a sì kọ ọjọ́ tó ń wá sára géètì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akólẹ̀ yín ibi tó ń dà á sí. Àwọn ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní Ìbàdàn ni Awótán, Lápìtẹ̀, Ajákangà àti Abà-Èkù. Bí kò bá lè dárúkọ ọ̀kan nínú wọn, ẹ wá ẹlòmíràn.

A tún gbá ibi tí wọ́n ti ń dà á létí odò, a gbin òdòdó sí i, a so iná mọ́ òpó. Dídà lóru kò tán, ṣùgbọ́n ó dín kù gan-an.

Ìyá ọlọ́jà

Ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún ẹni tó ń pa adìyẹ, nítorí èmi náà pa á tà fún ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ lọ bá a kí ìwé ìkìlọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kò mọ ibi tí yóò kó o sí. Àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ máa ń wá kó ìfun, wọ́n á sè é kí wọ́n tó fi bọ́ ẹja. Ó kàn gbọ́dọ̀ ní dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí kí eṣinṣin má baà bo ó. Ìyẹ́ kì í tètè jẹrà, nítorí náà kí ó gbẹ́ kòtò tó jìnnà sí odò àti sí kànga, kí ó máa fi eérú àti erùpẹ̀ bò ó. Omi gbígbóná tí a fi ń tu ìyẹ́ kò gbọdọ̀ ṣàn lọ sínú gọ́tà. Bí ó bá kọ̀ lẹ́yìn èyí, nígbà náà ni kí wolé-wolé dé.

Ọmọ Ìbàdàn ní Peckham

Mo ń gbé lábẹ́ káńsù Southwark ní London, mo sì rí i pé ìṣòro "kì í ṣe tèmi" wà níhìn-ín náà. Ní England, àwọn odò ńláńlá wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní Environment Agency, àwọn odò kéékèèké sì kan káńsù, ilẹ̀ tí odò gbà kọjá sì ní ojúṣe tí òfin gbé ka ẹni tó ni ín lórí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọ́n tẹ ìpín náà jáde fún gbogbo ènìyàn láti rí. Ìwé ìkìlọ̀ tí bàbá wolé-wolé ṣàlàyé wà nínú òfin àyíká wọn ti 1990 bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni tiwa ti ṣẹ̀. Láti 2023, káńsù lè bu owó ìtanràn tó tó ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn lé ẹni tó bá da ìdọ̀tí síta. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kì í ṣe owó ìtanràn ló ń jẹ́ kí àdúgbò mọ́. Ọkọ̀ ìdọ̀tí tó ń dé ní ọjọ́ tí wọ́n dá ni. Ẹni tí kò rí ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó ìtanràn kò lè sọ ọ́ di ọmọlúàbí.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Kí n tó lọ, ṣé káńsù kò lè fi dandan lé ìmọ́tótó oṣooṣù ni, kí gbogbo ènìyàn wà nílé láàárọ̀ Sátidé bíi ti ayé ológun?

Agbẹjọ́rò

Wọ́n lè pe àwọn ènìyàn jọ, ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ nípa sísé wọn mọ́lé. Ní oṣù kọkànlá 2016, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá a nínú ẹjọ́ kan ní Èkó pé a kò lè tìtorí ìmọ́tótó gba òmìnira ìrìn lọ́wọ́ ènìyàn láìsí òfin tó gbè é lẹ́sẹ̀, Èkó sì fòpin sí i ní oṣù náà. Ẹ pe ọjọ́ iṣẹ́ àdúgbò, ẹ sọ ọ́ níwájú, kí ẹ sì rí i dájú pé ọkọ̀ wà.

Olùbéèrè, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin

Mo ní kí n wá jábọ̀. A pín lẹ́tà náà sí mẹ́rin bí bàbá ti wí, a sì gba nọ́ńbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi àti ìyá àgbà kan ní àdúgbò lọ bá ẹni tó ń pa adìyẹ. Ó gba dúrọ́ọ̀mù, ẹlẹ́ja kan sì ti ń wá kó ìfun ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó ṣì ń da ìyẹ́ sódò, nítorí náà wolé-wolé fún un ní ìwé ìkìlọ̀ ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ̀ka iṣẹ́ wá wọn gọ́tà, wọ́n ní yóò wọ àbá ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, a sì ti ní kí kańsẹ́lọ̀ fi ìwé gbè é. Lórí ògiri, a kò tíì gbọ́ nǹkan kan, a ó sì tún kọ̀wé lóṣù yìí.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ọjọ́ mẹ́rìnlá náà pé. Mo ti pe wolé-wolé láàárọ̀ yìí, ó ní òun ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá, mo sì ti sọ fún un pé bí kò bá sí epo nínú alùpùpù rẹ̀, kí ó jẹ́ kí n mọ̀ ní ọjọ́rú, kí a lè wá bá a ní káńsù kí a jọ wọ kéké.